Ọmọ Tẹ̀sùbáà Kẹtàlélógún

Ọlọ́run forí jì mí, mo ti fi tẹ̀sùbáà ka ohun tí kì í ṣe àdúà.
Lóru Pàkátà, nígbà tí ajá pàápàá ti gbàgbé ìdí tó fi ń gbó,
Sàádù á máa hanrun bí ẹni ń wọ́ pákó gẹdú lórí kankéré,
á wọ́ ọ, á wọ́ ọ,
á dákẹ́.

Ìdákẹ́ yẹn ni mo ń kà.
Ọmọ kan. Ọmọ méjì. Mẹ́wàá. Mẹ́rìndínlógún.
Àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, afẹ́fẹ́ ò wọlé,
bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn tí wọ́n há látinú.
Lórí ọmọ kẹtàlélógún ni ọ̀fun rẹ̀ là gbà,
ó mí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú odò Àsà.
Kò jí.
Èmi ni mo ń bá a jí.

Ládáánì ni. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi ń jí àdúgbò,
ẹni tó ń kéde pé ìrun dára ju oorun lọ;
níjọ́ kan, nínú oṣù ọyẹ́, oorun gbé e lẹ́nu ìkéde.
Gbogbo Pàkátà gbọ́ ìhanrun nínú gbohùngbohùn.

Ọsibítù ńlá ọ̀nà Òkè-Òyì: wọ́n so okùn mọ́ ọn lórí, láyà, níka,
wọ́n ní kó sùn. Ìyẹn ò ṣòro fún un.
Nígbà tílẹ̀ mọ́, Dókítà Oyinlóyè ní
ìgbà méjìlélógójì ni èémí ń dá láàárín wákàtí kan.
Mi ò sọ fún un pé mo ti kà á ṣáájú wọn.

Kúráńgà àbúrò rẹ̀ ní ṣebí belubélu lásán ni,
ẹ pe onígbàjámọ̀, kó gé e, ẹ fún un ní àkùkọ kan.
Dókítà wò ó títí. "Ẹ̀jẹ̀ lẹ máa fi ra ìyẹn."
Àwọn náà ní ọ̀bẹ, ọ̀bẹ tó mọ́,
ṣùgbọ́n wọn ò lè búra pé àìsàn náà á lọ,
wọn ò sì lè búra fún ohùn.

Ohùn. Mo rí ọkọ mi tó fọwọ́ kan gògóńgò
bí ẹni ń yẹ àpò wò láàárín èrò.

Dókítà eléyín lè mọ ike tí á fa àgbọ̀n ìsàlẹ̀ síwájú.
Ó ní kó la ẹnu. Ó ka eyín tó kù.
Ó ní kó pa ẹnu dé.

Kó fọn díẹ̀, ìyẹn ò ná wa ní kọ́bọ̀,
àfi wàrà dídín, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣáájú èmi.
Kó má fẹ̀yìn lélẹ̀: mo rán ọsàn mọ́ ẹ̀yìn jàlámíà rẹ̀.
Ilẹ̀ mọ́, ọsàn ti fọ́,
ó ń hanrun nínú omi ọsàn.

Ó ku ẹ̀rọ, tó ń ti afẹ́fẹ́ gba inú ìbòmú
kí ọ̀nà ọ̀fun má bàa pa dé.
Owó rẹ̀ ni ìdajì ilẹ̀ wa ní Gánmọ̀,
pẹ̀lú bátìrì, torí àlejò niná ìjọba.
Kúráńgà rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ wa bàálù ni?"
Ọjọ́ mẹ́ta, Sàádù ò fèsì.
Lọ́jọ́ kẹrin, lẹ́yìn ìrun alẹ́, ó ní,
"Ẹ jẹ́ kí imú san gbèsè ọ̀fun."

Lóru àkọ́kọ́, ó yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì,
ó ní bí ẹni ń bá ọyẹ́ jiyàn ni.
Lẹ́ẹ̀kẹta, mo fi fìlà rẹ̀ tẹ okùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó dúró.
Mo mú tẹ̀sùbáà. Ọmọ kan. Ó mí.
Mo padà. Ọmọ kan. Ó mí.
Mi ò dé orí ẹlẹ́ẹ̀kejì.
Iná lọ láago méjì, bátìrì han ṣín, ó gbà á.
Ọwọ́ mi ò mọ ohun tí yóò ṣe mọ́.

Wọ́n ní láfẹ̀mọ́júmọ́ ohùn rẹ̀ já gaara dé Ìdí-Àpẹ.
Wọ́n ní. Mi ò gbọ́.
Mo ti sùn.